Ṣé O Ti Yó?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí ìbéèrè kan ti ń bá mi sùn, tó ń bá mi jí. Màmá mi ló bi mí. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni: "Ṣé o ti yó?" Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń bi mí bẹ́ẹ̀, kò sì sí ọjọ́ kan tí mo ní láti ronú kí n tó dáhùn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tí mò ń sọ yìí, nílé wa ní Òjé, n'Ìbàdàn, mo la ẹnu láti fèsì, mi ò rí èsì kankan nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi gé ikùn mi kéré ti bẹ̀rẹ̀: ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún tí kò jẹ́ kí n lè gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ní Mọ́kọ́lá, àti oorun tí èémí mi máa ń dá dúró nínú rẹ̀, tí ìyàwó mi á sì máa gbọn mí jí lóru. Mi ò ní tún un sọ. Kílò 148 ni mo gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní Èkó, lóṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Kílò 101 ni mo wà báyìí. Ohun tí mo jókòó láti kọ lónìí kì í ṣe ti òṣùwọ̀n. Ti ẹnu ni, ti ọwọ́ ni, ti àwo oúnjẹ ni, àti ti àwọn tó fẹ́ràn mi tí wọ́n ń bu oúnjẹ sínú àwo náà.

Ohun tí abẹ gé, àti ohun tí kò lè gé

Sleeve gastrectomy ni wọ́n ń pe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún mi. Wọ́n á yọ nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù kúrò, ìyókù á wá rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kì í ṣe pé àyè oúnjẹ dín kù nìkan. Apá tí wọ́n yọ yẹn gan-an ni ara ti ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú ghrelin, èròjà tó máa ń jíṣẹ́ ebi fún ọpọlọ. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin, ebi kò pa mí bí ebi ṣe ń pa ènìyàn. Aago ni mo máa ń wò kí n tó mọ̀ pé ó yẹ kí n jẹun.

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni. Ohun tí mi ò mọ̀ ni iye ọ̀rọ̀ tó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà láti ọdún pípẹ́, tó ń retí kí ebi jáde kí òun náà lè wọlé. Nígbà tí oníbàárà bá gba iṣẹ́ tí kò san owó, àmàlà ni mo máa ń lọ jẹ. Nígbà tí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́ lóru, tó sì jẹ́ pé àárọ̀ ni wọ́n fẹ́ gba ìwé ètò ìsìnkú, búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni mo fi ń mú ara ró. Nígbà tí bàbá mi kú lọ́dún 2016, mo jẹun fún odidi ọdún kan. Ẹkún tí mi ò sun nígbà yẹn, ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni mo sun ún, lórí àga nílé ìdáná, níwájú ife omi ẹja kan tí ìyàwó mi sẹ́ fún mi. Ó rò pé ojú ọgbẹ́ ló ń dùn mí. Mi ò lè ṣàlàyé fún un lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, omi lásán ni àti omi ẹran tí wọ́n sẹ́ dáadáa. Ìdérí kékeré tí wọ́n fi ń wọn oògùn ọmọdé ni mo fi ń mu ún, mílílítà 30 lẹ́ẹ̀kan, fẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, ìdérí kan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà ló kan mílíìkì àti ògì tó ṣàn. Lẹ́yìn náà, ohun tí wọ́n lọ̀ kúnná, ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́. Lẹ́yìn náà, ohun rírọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù méjì kí wọ́n tó ní kí n dara pọ̀ mọ́ àwọn ará ilé nídìí oúnjẹ. Ìyàwó mi lẹ ìwé tí wọ́n fún wa mọ́ ara fíríìjì, ó sì ń fi báírò fagi lé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá. Ìwé yẹn ṣì wà níbẹ̀. Òróró ti ta sí i lára, a kò sì já a.

Ẹja ṣáájú òkèlè

Arábìnrin tó ń kọ́ àwa aláìsàn ní oúnjẹ jíjẹ nílé ìwòsàn náà sọ ìlànà tí kò ṣòro láti há sórí. Kí n kọ́kọ́ jẹ ohun tó ń mú ara dàgbà, ẹja, ẹran, ẹyin tàbí ẹ̀wà, kí èròjà purotéènì tí mò ń rí lójúmọ́ má dín ní giráàmù 60. Ẹyin kan kò ju bíi giráàmù mẹ́fà lọ, ẹ wo bó ṣe jìn tó. Kí n rún nǹkan lẹ́nu tó ìgbà ogún, kódà ọgbọ̀n, kí n tó gbé e mì. Kí n má mu omi mọ́ oúnjẹ; kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá lẹ́yìn tí mo bá jẹun tán. Inú ọkọ̀ tí a wọ̀ bọ̀ láti Èkó ni mo ti rò ó wò pé kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí kò lòdì sí ẹ̀kọ́ ilé tí mo gbà.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ẹran. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹran la fi ń parí oúnjẹ. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹran, ọ̀kánjúà ni, wọ̀bìà ni, wọ́n á ní bó bá dàgbà á jalè. Ọmọ tó ní sùúrù á jẹ òkèlè rẹ̀ tán, á fi ìka lá àwo, nígbà náà ni á wá mú ẹran kékeré rẹ̀, á máa já a jẹ díẹ̀díẹ̀ lójú àwọn tó ti jẹ tiwọn. Ẹ̀kọ́ gidi ló wà nínú rẹ̀, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ohun tó wọ́n ni wọ́n ń kọ́ wa láti ṣọ́ lò. Ṣùgbọ́n nínú àpòlúkù tó kéré tó tèmi báyìí, bí àmàlà bá kọ́kọ́ wọlé, ẹja ti kúrò lọ́rọ̀ nìyẹn. Mo ṣe àṣìṣe yẹn fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nítorí ojú ń tì mí láti mú ẹja ṣáájú níwájú àwọn ọmọ mi. Lóṣù kẹrin, irun mi ń já bọ́ sórí ìrọ̀rí. Irun a máa já bí ènìyàn bá fọn lójijì, a sì tún máa hù padà, ṣùgbọ́n àìtó ẹja àti ẹyin kì í jẹ́ kó tètè ṣíwọ́.

Ti òkèlè ló wá le jù. A kì í rún òkèlè. Gbígbé mì ni. Ọbẹ̀ ló ń sìn ín lọ, ewédú ló ń là á lọ́nà, adùn rẹ̀ sì wà nínú bó ṣe ń yọ̀ lọ́fun lọ. Bí ẹ bá rún àmàlà lẹ́nu nígbà ogún, nǹkan mìíràn ló ń dà lórí ahọ́n, ó ń lẹ̀ mọ́ eyín, adùn yẹn á sì ti lọ. Ọwọ́ ọ̀tún mi yìí, ó ti ń bu òkèlè láti nǹkan bí ogójì ọdún, ó mọ ìwọ̀n rẹ̀ láìjẹ́ pé mo wò ó. Ìwọ̀n tó mọ̀ yẹn kò bá mi mu mọ́. Mo ní láti máa wo ọwọ́ mi bí ẹni ń wo ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, kó má bu ju ìwọ̀n hóró ẹ̀pà méjì lọ.

Omi náà ńkọ́? Nílé wa, wọn kì í gbé oúnjẹ síwájú ènìyàn láìgbé omi tì í. Ẹni tó bá gbé oúnjẹ láìgbé omi, wọ́n á bi í pé ta ló bínú sí. Mo ti rí ìyàwó mi tó gbé ife omi wá láìrò ó, tó dúró, tó sì tún gbé e padà, tí ojú rẹ̀ sì dà bí ẹni tó já nǹkan gbà lọ́wọ́ aláìsàn.

Ọjọ́ Àìkú yẹn ní Òjé

Mi ò sọ fún Màmá kí n tó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ẹni ọdún 78 ni wọ́n. Mo rò ó pé bí wọ́n bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi abẹ la ọmọ wọn tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ọkàn wọn ò ní gbé e. Mo ní mò ń lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tuntun kan ní Èkó. Ìyàwó mi sọ ọ́ fún mi ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ: "Bàbá Àyọ̀, ẹ sọ fún Màmá. Wọ́n ń rí yín." Mo ń sọ pé ó dọ̀la. Fún ọdún kan ó lé, àárọ̀ kùtù ni mo máa ń lọ kí wọn, tí mo bá sì gbúròó odó tàbí tí mo gbọ́ òórùn ọbẹ̀, mo ti dìde.

Wọ́n rí mi lóòótọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá sanra ni ara rẹ̀ ń gbádùn ayé. Ẹni tó bá rù, nǹkan ń ṣe é. Àwọn oníbàárà ń bi mí ní Mọ́kọ́lá pé, "Ọ̀gá, ṣé kò sí o?" Ẹnìkan gbé agbo wá fún mi. Ẹlòmíràn ní òun á mú mi lọ sórí òkè fún àdúrà. Màmá ní tiwọn kò sọ nǹkan kan fún mi. Ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni àbúrò mi obìnrin wá sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta lórí mi. Ìyá ẹni ọdún 78 ń fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí ọmọ tó lọ fi owó gé ikùn ara rẹ̀ kéré. Mi ò tíì dárí jì ara mi tán lórí ìyẹn.

Lọ́jọ́ Satidé, wọ́n pè mí lórí fóònù. "Àkànní, wá jẹun lọ́sàn-án ọ̀la. Má jẹun wá." Wọ́n gé fóònù. Kò sí ọ̀nà tí mo lè gbà yẹ̀ ẹ́.

Bí mo ṣe wọlé ni mo mọ̀ pé láti ìdájí ni wọ́n ti wà nídìí rẹ̀. Wọ́n ti bó ẹ̀wà, wọ́n ti sè é títí ó fi yọ́, wọ́n ti sẹ́ gbẹ̀gìrì náà kúnná. Ìjábẹ̀ tí wọ́n fi ja ewédú ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Àmàlà náà dúdú, ó ń dán, ó ga nínú àwo tánganran tó jẹ́ ti bàbá mi. Orí ẹja àrọ̀ ni wọ́n gbé sínú ọbẹ̀ mi, odidi. Orí ẹja kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nílé wa bí kò ṣe ti Bàbá. Láti ọdún 2016, mi ò tíì rí i kí wọ́n bù ú fún ẹnìkan.

Wọ́n jókòó sórí àpótí níwájú mi. Mo fọwọ́, mo dúpẹ́. Ọwọ́ mi lọ síbi ẹja.

Wọ́n wo ọwọ́ mi. Wọn ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo rí ojú yẹn, ojú tí wọ́n fi ń wò mí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Ojú tì mí. Ìtìjú yẹn ló sì bà á jẹ́, nítorí mo fi ẹja sílẹ̀, mo bu òkèlè, mo sì bù ú bí ọkùnrin ṣe ń bù ú níwájú ìyá rẹ̀. Ọ̀kan lọ. Èkejì lọ. Ẹ̀kẹta dúró.

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Àárín igbá àyà mi ló dúró sí, bí ẹni pé wọ́n ti ìkúùkù bọ ibẹ̀. Itọ́ kún mi lẹ́nu, omi ń dà lójú mi àti nímú mi. Mo dìde, mo dé ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀bá kànga. Màmá ti wà lẹ́yìn mi. Wọ́n di orí mi mú lọ́wọ́ méjèèjì, bí wọ́n ṣe máa ń dì í mú nígbà tí ibà bá ń mú mi bì. Kò pẹ́, ohun tó há náà jáde.

Nígbà tí mo mí kanlẹ̀ tán, wọ́n ní, "Àkànní, kí ló ń ṣe ọ́? Má purọ́ fún mi." Mo jókòó sí etí kànga, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Wọn ò pariwo. "Wọ́n gé ikùn rẹ?" "Wọ́n gé e, Màmá." "Mélòó ló kù?" "Ìdá kan nínú márùn-ún." Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ lé ikùn mi láti orí ẹ̀wù, ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò retí. "Ṣé mi ò bọ́ ọ yó ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí. Lẹ́yìn tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti ìjọba, dé lọ́dún 1986, tí ohun gbogbo gbówó lórí, mo rántí bí wọ́n ṣe máa ń pín ìwọ̀n gààrí kan sí ọ̀nà mẹ́fà, tí wọ́n á wá ní àwọn ti jẹun lọ́jà. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ìjà tí obìnrin yìí jà fún ogún ọdún nìyẹn, ó sì borí. Èmi ọmọ tí kò jẹ́ kí ebi pa ló wá jókòó sí etí kànga, tí mò ń sọ fún un pé jíjẹ ló fẹ́ pa mí. "Ẹ bọ́ mi yó, Màmá," ni mo wí. "Ẹ bọ́ mi yó dáadáa."

Wọ́n mú mi wọlé. Wọ́n wo àwo náà, òkè àmàlà tí mo kàn bù díẹ̀ létí, orí ẹja tí mo kàn fọwọ́ kàn. Wọ́n wá bi mí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́, pé èyí tó wọlé tí kò jáde yẹn, "Ṣé o ti yó?"

Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Yó tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìgbànú ni mo fi ń mọ̀ ọ́n, àti oorun, àti ikùn tó wúwo. Kò sí ìkankan níbẹ̀. Ebi náà kò sì sí níbẹ̀. "Mi ò mọ̀, Màmá."

Wọ́n dákẹ́. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí wọ́n ń kì mí, ohùn wọn ò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. "Ìbàdàn, ọmọ ajòro sùn, ọmọ ajẹ̀gbín yó, ọmọ afìkarahun fọ́ri mu." Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n padà sórí "ọmọ ajẹ̀gbín yó", wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé àwo náà kúrò.

"Ó tán" kì í ṣe "mo yó"

Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí wọn ò tíì sọ ìtàn yẹn fún: bí ogun ṣe lé Lágelú tó tẹ Ìbàdàn dó àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sórí òkè, tí wọ́n ń jẹ èso òro sùn, tí wọ́n ń jẹ ìgbín, tí wọ́n sì ń fi ìkarahun rẹ̀ mu ẹ̀kọ. Mo ti gbọ́ ọ níbi ìgbéyàwó, mo ti gbọ́ ọ níbi ìsìnkú, àwa fúnra wa ti tẹ̀ ẹ́ sára kàlẹ́ńdà àìmọye ìgbà ní ṣọ́ọ̀bù. Mi ò ronú sí i rí. Ẹni tó ń jẹ ìgbín lórí òkè ogun, báwo ló ṣe yó? Síbẹ̀ oríkì kò sọ pé wọ́n jẹ ìgbín kú, tàbí pé wọ́n jẹ ìgbín sunkún. Ó ní wọ́n yó. Ìkarahun tí wọ́n fi mu ẹ̀kọ, bóyá ló tóbi púpọ̀ ju ìdérí oògùn tèmi lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ ara mi nídìí oúnjẹ, ohun tí mo sì rí nìyí: títí tí mo fi pé ọmọ ọdún 44, mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ yó. Ohun tí mo mọ̀ ni "ó tán". Bí àwo bá ṣófo, mo máa ń ní mo ti yó. Bí wọ́n bá tún bù sí i, mo máa ń jẹ ẹ́, nítorí kò tíì tán. Ọmọ mẹ́fà nídìí àwo kan, ta ló fẹ́ dúró gbọ́ ohun tí ikùn rẹ̀ ń sọ? Ẹni tó bá dúró, ọwọ́ ẹlòmíràn á ti débẹ̀. Ìwọ̀n tí ìṣẹ́ kọ́ wa nìyẹn, kò sì burú nígbà ìṣẹ́. Ìṣẹ́ lọ, owó díẹ̀ dé, àwo ń tóbi sí i, ìwọ̀n yẹn kò yí padà.

Ara ní ohùn. Tèmi, imú ló fi ń sọ̀rọ̀. Omi díẹ̀ á sun jáde ní ihò imú mi, lẹ́yìn náà ni ibì kan lábẹ́ àyà mi á le díẹ̀. Mo mọ àwọn kan tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí, òsúkè ni tiwọn. Bí mo bá jẹ òkèlè kan sí i lẹ́yìn ìyẹn, ìrora ni. Ìyàtọ̀ òkèlè kan ṣoṣo. Bóyá ara ti ń sọ ọ́ láti kékeré, tí ohùn rẹ̀ kàn kéré ju ti ọjà lọ.

Àwọn kan á sọ pé àṣà wa kò fàyè gba kí ènìyàn ṣẹ́ oúnjẹ kù, pé ìwọ̀sí ni fún ẹni tó sè é. Mo gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa náà la ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bàbá mi kì í jẹun tán. Gbogbo alẹ́ ni òkèlè mẹ́ta, mẹ́rin máa ń kù nínú àwo tánganran yẹn, pẹ̀lú ọbẹ̀ àti ẹja díẹ̀, àwa ọmọ á sì ti tò sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí à ń dúró dè é. Àjẹkù Bàbá dùn ju oúnjẹ tiwa lọ. A kò ka àjẹkù yẹn sí ìwọ̀sí sí Màmá rí. Ìfẹ́ ni a kà á sí. Bí wọ́n bá sì ń ṣàdúrà fún wa, wọn kì í dúró lórí àjẹyó nìkan, wọ́n á fi àjẹṣẹ́kù tì í. Ohun tí à ń pè ní àṣà nígbà mìíràn, ìbẹ̀rù ìyàn ló wọ agbádá àṣà.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo padà lọ sí Òjé. Àwo tánganran kan náà ni Màmá gbé wá, àmàlà inú rẹ̀ kò sì dín kù rárá. Mo jẹ ẹja, mo jẹ gbẹ̀gìrì, mo jẹ òkèlè wẹ́wẹ́ márùn-ún. Nígbà tí imú mi bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́. Wọ́n pe àwọn ọmọ agbo ilé. "Ẹ wá gba àjẹkù Àkànní." Àwọn ọmọ náà sáré wọlé.

Láàárín àwọn ọ̀rẹ́

Ti ìta kò rọrùn bí ti Màmá. Ní gbogbo ọ̀sán Jímọ̀, àwa mẹ́rin tí à ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé jọ máa ń jẹun ní bùkátérià kan, láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo padà dé ibẹ̀ tí mo ní kí wọ́n bu abùlà pẹ̀lú ẹja fún mi láìsí àmàlà, obìnrin tó ń tà á di ṣíbí mú, kò mọ iye tó máa gbà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi dákẹ́. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní, wọ́n sì ń wò mí bí ẹni tí kò ní. Ọ̀kan nínú wọn kò tún wá mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí òun bá ń jẹun níwájú mi, ó ń ṣe òun bíi pé mò ń ka òkèlè òun. Mi ò kà á. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ yé mi, nítorí nígbà tí mo sanra, gbogbo ẹni tó tín-ín-rín ló ń dà bí ẹni tó ń ka tèmi.

A ṣì ń lọ. Iye tí obìnrin náà ń gbà lórí abùlà mi ti wà báyìí.

Mo ní láti sọ èyí fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ronú láti ṣe é, nítorí àwọn kan ń pè é ní ọ̀nà àbùjá. Kò sí àbùjá níbẹ̀. Títí ayé ni máa fi máa lo fítámì, B12, èròjà irin, kálísíọ̀mù, tí wọ́n á sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Oògùn ara ríro bí ibuprofen tí mo máa ń rà ní kẹ́mísì láìbi ẹnikẹ́ni, dókítà ní kí n jìnnà sí i nítorí egbò inú. Mo mu ìdajì ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò lóṣù keje níbi ìkómọ kan. Kò tó ogún ìṣẹ́jú, àyà mi ń lù kìkì, òógùn bò mí, ojú mi ń ṣú, mo sì wá ibi jókòó sí lẹ́yìn àgọ́. Ebi pàápàá ti ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti bí ọdún ti yípo. Lóru, ọ̀nà ọ̀fun mi a máa dá mi tòlótòló nítorí dòdò, mo sì mọ̀ pé ìsanra lè padà wá bí mo bá jẹ́ kó gbà mí lọ. Àwọn tó ṣe é tí ìsanra padà sí wọn lára kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ má pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Màmá ti ṣíwọ́ ààwẹ̀. Gbogbo alẹ́ ni wọ́n ń pè mí báyìí, ìbéèrè wọn sì ti yàtọ̀: "Àkànní, kí ló wọlé lónìí?" Mo máa ń kà á fún wọn, ẹyin méjì láàárọ̀, ẹja àti ẹ̀fọ́ lọ́sàn-án, mọ́ínmọ́ín ìdajì lálẹ́. Wọ́n á ní, "Ó dáa."

Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlá ti àwo ìrẹsì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ku bí ṣíbí mẹ́rin níbẹ̀. "Àyọ̀, jẹ ẹ́ tán," ni mo wí. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó gbọ́ ọ. Ọmọ náà wo àwo, ó wò mí. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ó ti tó mi."

Ìyàwó mi dáwọ́ àwo fífọ̀ dúró, kò sì yíjú padà. Mo dìde, mo gbé àwo ọmọ náà, mo da ìrẹsì tó kù sínú ike kékeré kan, mo dé e, mo sì gbé e sínú fíríìjì.